Ẹsẹ̀ Tí Kò Dun Sàláúdéènì

"Ẹsẹ̀ mi o! Ìyá Yétúndé, dúró!"

Mùínátù ti lọ síwájú díẹ̀ lórí iyanrìn. Nígbà tó yíjú padà, ó rí ọkọ rẹ̀ tó ti jókòó sílẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, tí omi òkun sì ń rin ín létí aṣọ. Ó sáré padà.

"Kí ló dé? Ṣé nǹkan gún yín ni?"

"Nǹkan kan ò gún mi. Orúnkún ni. Ó kàn dédé yẹ̀ lábẹ́ mi."

"Èwo nínú méjèèjì?"

"Èyí," ni Sàláúdéènì wí, ó sì fọwọ́ kan ti òsì.

Mùínátù kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàńpàkò tẹ orúnkún náà díẹ̀díẹ̀. Sàláúdéènì fún ojú pọ̀ bí ẹni tí ìrora mú. Kò lè wo ìyàwó rẹ̀ lójú. Òkun ló ń wò.

Ó ti ṣe díẹ̀ tí tọkọtaya yìí ti ń tukọ̀ wá láti Mahintedo, níbi tí ilé wọn wà, tí wọ́n á so ọkọ̀ mọ́ èbúté Ayétòrò, tí wọ́n á sì máa fẹsẹ̀ rin etí òkun lọ sí apá Oríòkè-Ìwàmímọ́. Àwọn tó bá rí wọn máa ń rẹ́rìn-ín. Ta ní ń fẹsẹ̀ rìn láìnídìí ní Ìlàjẹ? Ọmọ tí wọ́n bí sórí omi, ọkọ̀ ló fi ń lọ sọ́jà, ọkọ̀ ló fi ń lọ sílé àna, ọkọ̀ náà ni wọ́n á sì fi gbé e lọ sin. Apá rẹ̀ á le bí igi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ọ̀nà jíjìn. Ìdí nìyẹn tí Alfa Sùlèímánì, tó ń kó àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà láti agbègbè náà jọ, fi kìlọ̀ fún gbogbo wọn ní Igbokoda pé kí wọ́n lọ kọ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Ẹ má rò pé ká wọ ọkọ̀ òfurufú nìkan ni iṣẹ́ Háàjì o," ni Alfa wí lọ́jọ́ náà. "Láti Mẹ́kà dé Mínà, láti Mínà dé Áráfà, ká tó tún padà, ẹsẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa máa fi rìn ín, nínú oòrùn, láàárín èrò. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá ní gbé e, kó tètè jẹ́ ká mọ̀."

Ìrìn yẹn kò ba Sàláúdéènì lẹ́rù. Ohun tí Alfa sọ tẹ̀ lé e ló bà á. Alfa ní bí àwọn bá gbéra ní Èkó láàárọ̀, òfurufú làwọn máa wà títí oòrùn á fi wọ̀, àfi bí ọkọ̀ bá balẹ̀ ní Kánò àti ní Sùdáànì láti gba epo. Ó ní ọkọ̀ náà máa ga ju ìkuukùu lọ, tí èèyàn bá bojú wolẹ̀, ìkuukùu ló máa rí nísàlẹ̀. Ẹnì kan béèrè pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè ńkọ́? Alfa ní Ọlọ́run ló ń gbé e. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Sàláúdéènì náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti fẹ́ lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá apẹja ni, òun ló ń darí ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sójú agbami. Ìgbì tó bá ń dẹ́rù ba àwọn ọ̀dọ́, òun ló máa ní kí wọ́n kọjú ọkọ̀ sí i. Ọkọ̀ ti dojú dé pẹ̀lú rẹ̀ rí, ó di ìdí ọkọ̀ mú títí àwọn apẹja Ayétòrò fi wá fà á yọ, lọ́jọ́ kejì ó tún padà sójú omi. Ohun tó sì ń dà á láàmù gan-an nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí omi, èèyàn á fa àjẹ̀ yọ. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, èèyàn á di ìdí rẹ̀ mú. Lókè lọ́hùn-ún, kí lèèyàn fẹ́ dì mú? Ṣé ìkuukùu ni?

"Ẹ gbára lé mi," ni Mùínátù wí. "Ilé ìwòsàn Ayétòrò ò jìnnà. Ẹ jẹ́ kí Hánà wò ó."

"Kò tó bẹ́ẹ̀. Tí mo bá sinmi..."

"Ẹ dìde, Bàbá Yétúndé. Ẹsẹ̀ tí a fẹ́ gbé lọ sí Áráfà kọ́ là ń fi ṣeré."

Sàláúdéènì dìde, ó ń tiro.

Hánà ni nọ́ọ̀sì tó wà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n bí sínú ìlú náà lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ìjọ kan tẹ̀ ẹ́ dó, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì jọ ń ná owó kan. Kò bi wọ́n léèrè bóyá ọmọ ìjọ ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ owó. Kì í ṣe àṣà wọn. Ó ní kí Sàláúdéènì na ẹsẹ̀ sórí àga gbọọrọ, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó ká orúnkún náà, ó tún un nà. Sàláúdéènì ń ṣe "yéè" níbi tó bá rò pé ó yẹ kó ti ṣe é.

"Ìyá," ni Hánà wí fún Mùínátù, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá mi gba omi gbígbóná wá nílé ìdáná ìlú. Ẹ ní èmi ni mo rán yín."

Nígbà tí ìró ẹsẹ̀ Mùínátù ti jìnnà lórí afárá pákó, Hánà jókòó.

"Bàbá, ẹsẹ̀ òsì lẹ ní ó ń dùn yín. Àmọ́ nígbà tẹ́ ẹ ń wọlé, ti ọ̀tún lẹ fi ń tiro."

Ìlàágùn bo Sàláúdéènì níwájú orí. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé àwọn ló lọ ṣòfófó òun.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má sọ fún un."

"Kí ni kí n má sọ? Èmi ò tíì mọ nǹkan kan."

Sàláúdéènì fa ẹsẹ̀ òsì náà wálẹ̀ lórí àga. "Ọkọ̀ òfurufú ni," ló wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. "Mi ò lè wọ̀ ọ́. Bí mo bá ti rántí rẹ̀, àyà mi á máa já. Ó dà bíi pé ilẹ̀ ń yẹ̀ lábẹ́ mi."

Ó rò pé ọmọ náà máa rẹ́rìn-ín. Hánà kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ mọ Bùrọ̀dá Ísákì, tó wà nílé iṣẹ́ bàtà? Ìlú ti rán an lọ sókè òkun rí láti lọ kọ́ iṣẹ́ awọ. Ó ti wọ ọkọ̀ náà. Ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rẹ́ mi ni Ísákì láti kékeré. Kò sọ fún mi pé ẹ̀rù bà á."

"Ṣé ẹ bi í ni?" Hánà dìde nítorí ó ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níta. "Èmi ò ní sọ nǹkan kan fún Ìyá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí, mi ò ní purọ́ fún wọn. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ ṣáájú mi sọ ọ́."

Kò ṣáájú sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́, Mùínátù á gbé omi gbígbóná kalẹ̀, á fi àdín pa ẹsẹ̀ òsì ọkọ rẹ̀, á sì máa rọra fà á títí ara rẹ̀ á fi máa dán. Kò ráhùn. Ọdún tó ti ń yan ẹja tà nítorí ọ̀nà Mẹ́kà ti pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni nílé náà lè kà lọ. Yétúndé ọmọ wọn ti lọ sílé ọkọ, ó ti bímọ, láàárín gbogbo ìyẹn Mùínátù ṣì ń yan ẹja.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alfa Sùlèímánì yà sí Mahintedo. Sàláúdéènì ń bẹ nínú yàrá, ó dùbúlẹ̀, ó ń gbọ́ wọn níta.

"Alfa, bí ọkọ mi ò bá wá lè lọ ńkọ́?"

"Ìyá, a ò lè mú yín nìkan lọ, ẹ̀sìn ò gba obìnrin láyè láti lọ láìsí ọkọ tàbí ẹbí rẹ̀ ọkùnrin. Ẹ ò ní ọmọkùnrin, bẹ́ẹ̀ lẹ ò ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó ń bá wa lọ. Bí ọkọ yín bá dúró, ẹ̀yin náà á dúró nìyẹn. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ mọ iye àwa tá à ń lọ."

"Kò burú," ni Mùínátù wí. "Ìlera ọkọ mi ló ṣáájú. Ọlọ́run mọ ìdí rẹ̀."

Alfa lọ. Sàláúdéènì retí kí ìyàwó rẹ̀ wọlé, kò wọlé. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí pákó ń dún. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé náà sí, wọ́n sì fi pákó ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká. Mùínátù ló ń rìn yípo ilé. Ó rìn yípo, ó tún rìn yípo, kò sáré, kò dúró. Ó ṣì ń kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Sàláúdéènì fi aṣọ bo orí, ṣùgbọ́n pákó náà ń dún lábẹ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà, ó ń pa àwọn ojú àwọ̀n tó ya dé létí omi nígbà tí ọkọ̀ òfurufú kan gba ojú ọ̀run kọjá, ó kéré bí eṣinṣin. Àwọn ọmọdé ń pariwo, wọ́n ń juwọ́ sí i. Sàláúdéènì wò ó títí ó fi wọnú ìkuukùu. Àwọn èèyàn wà nínú ìyẹn, ló ń rò. Wọ́n jókòó sínú rẹ̀ báyìí, kò sí nǹkan kan lábẹ́ wọn. Nígbà tó máa wo ọwọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ àwọ̀n ti já bọ́ sómi.

Nígbà tí wọ́n tún padà lọ sí Ayétòrò kí Hánà lè wo ẹsẹ̀ náà, Sàláúdéènì jẹ́ kí Mùínátù ṣáájú, ó ní òun ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ bàtà ló yà sí. Ísákì wà nídìí tábìlì, ó ń fi ọ̀bẹ gé awọ, ìsó kéékèèké wà láàárín eyín rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu," ni Ísákì wí, ó sì tu ìsó sọ́wọ́. "Jókòó."

"Ísákì, nígbà tó o wọ ọkọ̀ òfurufú, báwo ló ṣe rí?"

Ísákì wò ó. Ó wo ẹsẹ̀ tó dúró ṣinṣin lórí ilẹ̀, ó tún wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ṣé èyí tí mo sọ fún ìjọ ni kí n sọ fún ọ, àbí bó ṣe rí gan-an?"

"Bó ṣe rí gan-an."

"Mo sunkún," ni Ísákì wí. "Kò tíì kúrò nílẹ̀ tí mo ti ń sunkún. Nígbà tó gbéra, ó dà bíi pé wọ́n fi ìfun mi sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi fún Ọlọ́run, mo tún jẹ́wọ́ àwọn tí mi ò dá. Obìnrin òyìnbó tó jókòó tì mí fún mi ní súwíìtì bí ìgbà tí wọ́n ń rẹ ọmọdé lẹ́kún."

Sàláúdéènì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Nígbà tó wá yá, ṣé ẹ̀rù náà lọ?"

"Kò lọ. Ó jókòó tì mí títí a fi dé. Mo kàn wá rí i pé èèyàn lè jókòó ti ẹ̀rù kó má sì kú ni." Ísákì fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Gbọ́, kí n sọ èyí tó máa wúlò fún ọ. Bó bá ń gòkè, etí rẹ á di. Máa gbé itọ́ mì, á là. Má ṣe jókòó sójú kan látàárọ̀ ṣúlẹ̀ o. Máa dìde, máa rìn láàárín àga, máa fún ìka ẹsẹ̀ rẹ pọ̀, máa tú u sílẹ̀. Bí o ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ á wú, wàá balẹ̀ tán, o ò ní lè ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Ẹ̀yin sì lẹ tún fẹ́ lọ fi rìn. Omi náà, máa mu ún, bó ò tiẹ̀ fẹ́."

"Mi ò tíì sọ pé mò ń lọ."

"Mùínátù ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé o ò tíì sọ ọ́?"

Ísákì mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó padà sídìí awọ.

"Ẹ̀rù kì í ṣe ìtìjú, ọ̀rẹ́ mi. Àmọ́ ohun tí ò ń fi ẹsẹ̀ yẹn ṣe fún un, ìyẹn gan-an ni ìtìjú."

Ọ̀sán pọ́n nígbà tí wọ́n kọjú ọkọ̀ sí ilé. Mùínátù jókòó síwájú, Sàláúdéènì ń tù lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ ló ń wò, kò sì mọ̀ bóyá Hánà ti sọ ọ́. Odò náà dákẹ́, koríko ga lọ́tùn-ún lósì. Níbi tí kò sí ọkọ̀ mìíràn, ó gbé àjẹ̀ sórí itan.

"Ìyá Yétúndé, kí ni Hánà sọ?"

"Ó ní kí n bi yín."

"Ìwọ ò wá bi mí?"

Mùínátù kò yíjú padà. "Mi ò bi yín. Ẹ̀rù ohun tẹ́ ẹ máa sọ ló bà mí. Mo rò pé ó jẹ́ àìsàn tó le, tí ẹ̀yin méjèèjì ń fi pa mọ́ fún mi."

Ọkọ̀ náà ń rọra yí lórí omi.

"Ẹsẹ̀ mi ò dùn mí," ni Sàláúdéènì wí. "Kò dùn mí rí. Ọkọ̀ òfurufú ni mi ò lè wọ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, Mùínátù, ẹ̀rù tí irú rẹ̀ ò bà mí rí láyé mi."

Ó retí kó figbe ta. Mùínátù yíjú padà díẹ̀díẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ òsì náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹsẹ̀ tí mò ń fi àdín pa láti ọjọ́ yìí."

"Òun ni."

"Tí mò ń tìtorí rẹ̀ bẹ Ọlọ́run lórí ẹní ìrun."

Ohùn rẹ̀ kò ga, ìyẹn ló burú. Ó na ọwọ́, ó gba àjẹ̀ lórí itan ọkọ rẹ̀, ó yí ara padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tù. Ó tù ú dé Mahintedo láìsinmi, omi ń ta sí ọkọ rẹ̀ lójú, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ó so ọkọ̀ mọ́ òpó. Kò bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, púpurú àti ọbẹ̀, ó kúrò níbẹ̀. Omi gbígbóná kò wá mọ́.

Ìdí ààrò ẹja ló ti sọ̀rọ̀. Sàláúdéènì ń kó igi mángórófù sún mọ́ ọn, èéfín ń bẹ láàárín wọn.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí mo máa ń ṣe bí ẹ bá wà lójú agbami?"

Sàláúdéènì dúró pẹ̀lú igi lápá. "Ẹja lò ń yan."

"Mò ń yan ẹja, mo sì ń bá yín lọ. Màá ní, nísinsìnyí wọ́n ń ti ọkọ̀. Nísinsìnyí wọ́n ti kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Nísinsìnyí wọ́n ń da àwọ̀n. Màá máa sọ ọ́ síta báyìí, bí wèrè, títí màá fi gbọ́ ohùn yín létí omi. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yín ni ẹ̀rù ti ń bà mí, Bàbá Yétúndé. Kò sí ọjọ́ tí ẹ lọ tí kò bà mí. Ṣé mo wá ní kẹ́ ẹ má lọ mọ́ ni? Ṣé mo purọ́ àìsàn mọ́ ara mi kẹ́ ẹ lè dúró tì mí?"

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó lè jẹ́ èéfín ni.

"Mi ò ní fipá mú yín," ló wí, ó yí ẹja kan padà. "Bí a ò bá ní lọ, a ò ní lọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ fún Alfa, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ gan-an. Ẹ má fi ẹsẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, èbúté Igbokoda kún. Alfa Sùlèímánì dúró láàárín àwọn tó ń bá a lọ, bó ṣe rí Sàláúdéènì ló pariwo:

"Bàbá Yétúndé! Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

Sàláúdéènì bọ́ síwájú. Mùínátù wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sún mọ́ ọn, kò jìnnà.

"Ẹsẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan, Alfa. Irọ́ ni mo pa. Ọkọ̀ òfurufú ló ń bà mí lẹ́rù."

Àwọn èèyàn yíjú. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá agbami!" Alfa gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn dákẹ́.

"Ṣé ẹ ò wá lọ mọ́ ni?"

Sàláúdéènì ṣí ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó tìtorí rẹ̀ tukọ̀ wá wà lórí ahọ́n rẹ̀: mi ò lọ. Ó rò ó bó ṣe máa rọrùn tó, bí oúnjẹ ṣe máa tún dùn lẹ́nu rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń mí.

"Mò ń lọ," ló wí. "Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí ni."

Bàbá arúgbó kan tó ń ta àwọ̀n ní Igbokoda, tóun náà ń bá wọn lọ, wúkọ́. "Èmi náà," ló wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìn pé, ojú omi ni wọ́n gbà láti Igbokoda dé Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n tó wọ lọ́rì lọ sí Èkó. Ní gbogbo orí omi náà, Sàláúdéènì ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé pápá ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà, ohùn rẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ náà tóbi ju bó ṣe rò lọ, ìyẹn kò sì tù ú nínú. Ohun tó tóbi tó báyìí, kí ló fẹ́ gbé e dúró? Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo lórí àtẹ̀gùn. Nínú ọkọ̀, wọ́n fi bẹ́líìtì dè é mọ́ àga, ó wá dà bí ẹni tí wọ́n dè mọ́ ọkọ̀ tó fẹ́ rì. Ẹ́ńjìnnì ké. Àga ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ Ísákì. Ó gbé itọ́ mì, ó tún gbé e mì, etí rẹ̀ là pẹ̀lú ariwo kékeré, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń pe Ọlọ́run kíkankíkan.

Lẹ́yìn Kánò ló burú jù. Ọkọ̀ náà jìgì, ó já wálẹ̀ bí ọkọ̀ tó já bọ́ láti orí ìgbì, ó tún gòkè. Àwọn obìnrin figbe ta. Sàláúdéènì tú bẹ́líìtì, ó dìde, ojú rẹ̀ le koko.

"Kí wọ́n sọ mí kalẹ̀! Mo ní kí wọ́n sọ mí kalẹ̀!"

Mùínátù di aṣọ rẹ̀ mú. Ọwọ́ òun náà tutù bí omi kànga. "Ẹ jókòó. Bàbá Yétúndé, ẹ wò mí. Ẹ jókòó."

"Kò sí nǹkan kan lábẹ́ wa, Mùínátù!"

"Mo mọ̀. Ẹ mú mi lọ sójú omi."

"Kí lò ń wí?"

"Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ fúnra mi, mi ò sì mọ̀ bóyá bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ ti ọkọ̀ kúrò létí òkun. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Ó jókòó. Ó dì mọ́ apá àga. "Lẹ́yìn ìyẹn," ló wí, ó sì dúró nítorí ọkọ̀ tún jìgì. "Lẹ́yìn ìyẹn, wàá dúró. O ò ní bọ́ sínú ìgbì àkọ́kọ́. Wàá jẹ́ kí àwọn ńlá kọjá. Èyí tó bá tẹ̀ lé wọn máa ń kéré. Ibẹ̀ lo máa gbà."

"Àwọn ọmọkùnrin ńkọ́?"

"Wọ́n ń tù. Wọn kì í wo ìgbì, ojú mi ni wọ́n ń wò." Ó gbé itọ́ mì. "Ẹ̀rù máa ń bà mí níbẹ̀. Mi ò sọ fún ẹ rí. Mi ò jẹ́ kó hàn ni."

Mùínátù wò ó. "Ẹ ti kọjá ìgbì," ló wí. "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Báyìí ni wọ́n ṣe dé Sùdáànì, tí wọ́n gba epo, tí wọ́n sì tún gbéra. Ó da àwọ̀n, ó fà á, ó da á lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹnu rẹ̀ bá dákẹ́, ẹ̀rù á tún dìde, ìyàwó rẹ̀ á sì tún bi í. Láàárín méjì, wọ́n á dìde, wọ́n á rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àga, wọ́n á mu omi. Bàbá tó ń ta àwọ̀n dìde tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ọkọ̀ balẹ̀ ní Jídà, tí kò jìnnà sí Mẹ́kà, ní ìrọ̀lẹ́, aṣọ Sàláúdéènì ti rin gbindin fún òógùn, orúnkún rẹ̀ kò fẹ́ gbé e ní òótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mínà, oòrùn tètè mú. Wọ́n jáde láti inú kọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n wọ̀ sí, wọ́n yà sójú ọ̀nà ńlá, ibẹ̀ ni Mùínátù ti dúró.

Èrò ló ń lọ. Kò rí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kò rí ibi tí wọ́n parí sí. Aṣọ funfun ló wà lára gbogbo wọn, èjìká kan èjìká, wọ́n ń fi Lábáíkà jẹ́ ìpè Ọlọ́run ní ohùn kan, ohùn náà ń bọ̀ láti inú òkè àti láti inú ilẹ̀. Ìlú tí obìnrin yìí ti wá, bí ọkọ̀ mẹ́rin bá pàdé lójú odò, wọ́n á kí ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fà sẹ́yìn mọ́ ògiri.

"Wọ́n máa tẹ̀ mí mọ́lẹ̀," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Bí mo bá ṣubú níbẹ̀, ta ló máa mọ̀?"

Sàláúdéènì wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì mọ ohun tó rí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtùnú pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, gbogbo irú èyí tí àwọn èèyàn ti sọ fún òun náà tí kò wúlò. Ó bọ́ sáàárín ìyàwó rẹ̀ àti èrò, ó sì dúró síbẹ̀.

Alfa Sùlèímánì padà wá wò wọ́n, ó ń láàgùn. "Ìyá, lọ́rì kan ń kó àwọn obìnrin tí kò lè rìn. Àyè ẹnì kan ṣẹ́ kù. Ẹ bá wọn lọ, ọkọ yín á bá yín ní Mínà."

Mùínátù wo ọ̀gangan ibi tí lọ́rì wà. Ó wo ọkọ rẹ̀. Sàláúdéènì gbé ojú rẹ̀ kúrò, kí ojú òun má baà jẹ́ ohun tó máa ti ìyàwó òun sí apá kan. Èrò kò dáwọ́ dúró.

Mùínátù tún ìró rẹ̀ ró, ó fún un le.

"Ẹ fi àyè yẹn fún ẹlòmíràn, Alfa," ló wí. Ó na ọwọ́, ó di etí aṣọ funfun tó wà léjìká ọkọ rẹ̀ mú. "Ẹ máa lọ níwájú mi, Bàbá Yétúndé. Ẹ má sáré."

Sàláúdéènì kò bọ́ sínú èrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró, ó jẹ́ kí àwọn tó ń sáré kọjá. Nígbà tí àyè díẹ̀ yọ, ó gbé ẹsẹ̀, ó sì gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn.